Aṣọ Oníjó Íńdíà Ni Mo Fi Ayé Mi Rán

Ẹ̀yin ọmọ wa tí àwọn òbí yín ti ka dókítà, ẹnjiníà àti famasíìtì sí létí títí etí yín fi ń hó, ẹ jókòó díẹ̀ kí n sọ iṣẹ́ tí èmi fi ayé mi ṣe fún yín. Èmi Bísí, ọmọ Ìjẹ̀bú, aláṣọ funfun, tí mo ti ń gbé ní Alief, ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú, aṣọ ijó àwọn ará Íńdíà ni mo rán jẹun. Ẹ ti rẹ́rìn-ín tán? Ó dáa. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, kó tó di pé òun gan-an ló ń bá mi gbé àpò aṣọ sínú mọ́tò.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n á fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á ní, "Sísítà Bísí, ṣé kì í ṣe pé ẹ ti ń bá wọn bọ òrìṣà níbi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ yẹn?" Èmi á ní, "Ọmọ ènìyàn ló ń wọ aṣọ tí mò ń rán. Ẹ bá mi gbàdúrà kí n máa rí ojú abẹ́rẹ́." Wọ́n á ṣe àmín, wọn ò sì ní gbà mí gbọ́.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ náà ò gùn. Mo ti kọ́ télọ̀ nílé, mo ti ṣe fúrídọ̀mù kí n tó tẹ̀lé ọkọ mi wá síbí, mo sì rò pé mo gbọ́n. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà lójú ọ̀nà Hillcroft tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ gíláàsì rẹ̀ pé àwọn ń wá ẹni tó mọ abẹ́rẹ́ lò. Mo ṣílẹ̀kùn, mo rí aṣọ funfun tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, obìnrin kan sì jókòó sáàárín rẹ̀ pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì. Mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ní kí n bọ́ ọ o. Ní ìjọ tiwa, a kì í wọ bàtà wọ ilé àdúrà, ibi tí ẹsẹ̀ mi bá sì ti rí aṣọ funfun nílẹ̀, ó ti mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Obìnrin náà wo ẹsẹ̀ mi, wọn ò tiẹ̀ wo ojú mi. Wọ́n ní, "Máa bọ̀ lọ́la." Madam Padma nìyẹn, ọ̀gá mi.

Gẹ̀ẹ́sì ni èmi àti wọn jọ ń sọ, tiwọn ní ohùn Íńdíà, tèmi ní ohùn Ìjẹ̀bú. Yorùbá ni n ó fi máa sọ ọ́ fún yín kó lè dùn létí.

Ijó tí à ń ránṣọ fún, gúúsù Íńdíà ló ti wá, Bharatanatyam lorúkọ rẹ̀. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń sáré yí igi ká nínú fíìmù tí a wò ní kékeré o. Ẹni tó ń jó o á so ṣaworo mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, á máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ lu ilẹ̀, ìka rẹ̀ á máa sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ á máa fèsì. Kó tó bẹ̀rẹ̀ rárá, á tẹ̀ ba, á fọwọ́ kan ilẹ̀, á sì bẹ ilẹ̀ pé kó má bínú sí ẹsẹ̀ tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ara mi bù máṣọ. Mo ní, háà, àwọn wọ̀nyí náà mọ̀ pé ilẹ̀ ń gbọ́.

Ní ti ìkọ́ṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, ojú mi rí nǹkan. Ọ̀rọ̀ tí Madam mọ̀ jù lọ ni "Tú u." Mo rán ẹ̀gbẹ́ bùláòsì, wọ́n á yí i sí ìhín, wọ́n á yí i sí ọ̀hún, wọ́n á dá a padà fún mi. "Tú u." Mo ní, ṣé nítorí kí n máa tú aṣọ ni mo ṣe wọ bàálù? Ṣùgbọ́n mọ̀-ọ́n-gún mọ̀-ọ́n-tẹ̀ niyán ewùrà. Aṣọ tí ẹ bá ti tú léraléra, ẹ ó mọ ibi tí ó ti ń dun ún.

Ọjọ́ kan ni wọ́n ní kí n wọn ọmọbìnrin kan. Mo fa tépù yọ, mo wọn èjìká, mo wọn ìbàdí dé kókósẹ̀, mo ṣe é dáadáa bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Madam ń wò mí láti ilẹ̀ níbi tí wọ́n jókòó sí.

"Ta lo wọ̀n yẹn?"

"Ọmọ yìí ni, Madam."

"Irọ́ ni. Ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì lo wọ̀n. Wọn oníjó."

Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ijó yẹn kì í ṣe ìdúró, kì í sì í ṣe ìjókòó. Gìgísẹ̀ á kan gìgísẹ̀, orúnkún méjèèjì á yà sọ́tùn-ún sósì, ìdí á sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni fẹ́ jókòó tí kò rí àga, ẹ̀yìn á sì nà gbọnrangandan. Ibẹ̀ ni a ti ń wọ̀n ọ́n. Láàárín orúnkún méjèèjì la máa ń rán pílíìtì sí, gbogbo rẹ̀ á pa dé bí oníjó bá nàró, tó bá sì ti sọ̀ kalẹ̀ báyìí, á là gbà bí abẹ̀bẹ̀. Bí ẹ bá wọn oníjó lórí ìdúró, ìgbà àkọ́kọ́ tó bá lu ilẹ̀ ni aṣọ máa ya, ojú á sì ti gbogbo yín.

Ṣé ẹ rò pé ó tán síbẹ̀? Wọ́n ní kí èmi náà sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí n sì dúró síbẹ̀. Itan mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo ní, "Madam, ó ń dùn mí o." Wọ́n ní, "Ó dáa. Ẹni tí kò mọ ibi tó ń dun oníjó kò lè ránṣọ fún un." Nígbà tí mo délé, ọkọ mi wo bí mo ṣe ń rìn, ó ní ta ló lù mí.

Àmọ́ àwọn òfin wọn kan wà tó jẹ́ pé nílé wa ni mo ti kọ́ ọ wá. A kì í fọwọ́ òsì na nǹkan sí oníbàárà. A kì í ré aṣọ ẹni ẹlẹ́ni kọjá. Àgbà kì í wọlé kí ọmọdé jókòó kalẹ̀. Gbogbo ìyẹn, ìyá mi ti fi ìgbájú kọ́ mi tipẹ́. Madam á máa wò mí, wọ́n á ní, "Ta ló tọ́ ẹ dàgbà gan-an?" Inú mi á dùn, n ò sì ní jẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Ọ̀sán kan tí à ń jẹun ni mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n jó ijó yìí gbẹ̀yìn. Wọ́n ní àwọn ò jó o rí. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, ilé ìkẹ́kọ̀ọ́ ijó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn, ojú fèrèsé sì ni àwọn máa ń dúró sí láti wò ó títí wọn á fi parí. Nígbà tí wọ́n sọ fún bàbá wọn pé àwọn fẹ́ kọ́ ọ, bàbá ní ọmọ ilé rere kan kì í jó lójú èrò, kí ẹnikẹ́ni má tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ilé télọ̀ ni wọ́n fi Madam fọ́kọ sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́ṣẹ́.

Wọ́n ní, "Wọ́n ní kí n má wọ̀ ọ́. Wọn ò ní kí n má rán an." Bí ẹni tó ń sọ pé iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Wọ́n ní kí n lọ fọ àwo. Èmi ni mo dé ìdí ẹ̀rọ omi tí mò ń nu ojú.

Irinṣẹ́ yí padà lójú wa. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ la fi bẹ̀rẹ̀, iná mànàmáná dé, lẹ́yìn náà ni èyí tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ ọnà sí etí aṣọ dé. Madam kọ́kọ́ bá a ṣọ̀tá, wọ́n ní kò ní ọkàn, ṣùgbọ́n mo kíyè sí i pé wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á. Èyí tó dùn wọ́n jù ni ìgbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì dé tí àwọn ìyá ń ra aṣọ ijó tí wọ́n ti rán tán, tó ní síìpù lẹ́yìn, tí kò mọ ọmọ tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Wọ́n á gbé e wá kí a bá wọn tún un ṣe. A di dókítà aṣọ.

Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyí. Ọmọ tí ọmọ Madam bí, Meena, abẹ́ tábìlì máṣíìnì wa ló gbé dàgbà. Dókítà ni ìyá rẹ̀, Cypress lẹ́yìn ìlú ni wọ́n ń gbé, láti kékeré ló sì ti ń wa ọmọ náà lọ sí kíláàsì ijó. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n jó. Ṣùgbọ́n nígbà tó wọ ilé ìwé girama, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ọwọ́ àti ojú ṣe yẹ̀yẹ́ ijó náà fún un. Ọjọ́ kan ni òun àti ìyá rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ju báàgì sílẹ̀, ó sọ fún ìyá rẹ̀ lójú wa pé, "Èmi kì í ṣe ará Íńdíà. Ará Cypress ni mí."

Madam ń ránṣọ wọn lọ. Èmi náà ò lè dá sí i, torí mo ní Dúpẹ́ nílé, ọmọ tèmi, tó jẹ́ pé ìgbà tí ebi bá ń pa á tàbí tí mo bá ń bínú nìkan ló ń gbọ́ Yorùbá. Gbogbo pásítọ̀ wa ló ń pa òwe odò tó gbàgbé orísun rẹ̀ fún wa. Kò tíì sí ẹni tó sọ fún wa ohun tó yẹ kí odò ṣe tó bá ti sọdá òkun.

Bẹ́ẹ̀, Madam ti ra sílíkì kan pa mọ́ fún ọmọ yìí. Ìgbà tí wọ́n lọ sílé ní Íńdíà gbẹ̀yìn ni wọ́n rà á: ara rẹ̀ funfun bí omi ògì, etí rẹ̀ pupa. Káńfọ̀ ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ tí Meena máa jó ijó ìkẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní arangetram, ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ dè. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ fúrídọ̀mù, fúrídọ̀mù oníjó ni. Òun nìkan á jó lórí ìtàgé látìbẹ̀rẹ̀ dópin, gbogbo ẹbí á wá wò ó, tíṣà rẹ̀ á sì fọwọ́ sí i pé ó ti di oníjó. Wọ́n ti gba gbọ̀ngàn. Meena ní òun á jó o kí màmá òun lè fi òun lọ́rùn sílẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn kí ẹnikẹ́ni má pe ijó sí òun létí mọ́.

Madam gbọ́ ọ. Wọ́n sọ fún mi pé, "Bísí, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo fẹ́. Kí ó fẹ́ràn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí n rí i." Ohun kan ṣoṣo tí mo gbọ́ tí obìnrin yẹn fẹ́ fún ara wọn nìyẹn.

Orí ilẹ̀ ni Madam ti ń gé aṣọ, wọn kì í gé e lórí tábìlì. Tí wọ́n bá sì ti gé sílíkì, wọ́n á tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á fi aṣọ funfun bò ó, kó sùn mọ́jú. Wọ́n ní sílíkì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ẹ̀rù ṣì ń bà á, ó gbọ́dọ̀ sinmi kí abẹ́rẹ́ tó kàn án. Bí a ṣe ń ṣe é láti ìgbà tí mo ti débẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ tí a gé ti Meena, fóònù gbogbo wa ń ké pé omi ń bọ̀. Ta ló ń dá fóònù lóhùn ní Houston? Ojoojúmọ́ ló ń ké. A bo sílíkì, a tilẹ̀kùn, a wakọ̀ lọ sílé.

Òjò tó rọ̀ mọ́jú, fíríwè di odò. Ọjọ́ kejì ni ọkọ mi tó rí ọ̀nà gbé mi dé ṣọ́ọ̀bù. Omi ti wọ inú rẹ̀, Madam sì ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Wọ́n jókòó lórí kùùlà tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n gbé sílíkì náà lé itan. Pupa etí rẹ̀ ti ṣàn wọ inú funfun, bí epo tó kán sínú ògì. Gígé la ti gé e, a ò lè dá a padà sí odindi. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Mo ní, "Madam, ẹ pẹ̀lẹ́." 

Wọ́n ní, "Pe Cypress. Ní kí wọ́n ra èyí tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì." Wọ́n fi aṣọ náà sílẹ̀ nínú omi, wọ́n mú báàgì, wọ́n lọ sílé. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, n ò rí i kí wọ́n fi aṣọ tútù sílẹ̀ lọ rí. Ẹ̀rù bà mí.

Ọjọ́ kejì, Meena wá bá wa palẹ̀ omi mọ́. Ọmọ dáadáa ni, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ó ń gbé garawa, ó ní, "Àǹtí Bísí, ẹ sọ fún Pàátì kí wọ́n má da ara wọn láàmú. Aṣọ èyíkéyìí ló máa ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́ wọ̀ ọ́." Pàátì ni wọ́n ń pe ìyá àgbà.

Inú bí mi. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, gbé garawa yẹn sílẹ̀, jókòó." Mo sọ fún un nípa fèrèsé. Mo sọ ohun tí bàbá wọn wí. Mo sọ fún un pé gbogbo aṣọ tí ìyá àgbà rẹ̀ ti rán láti ọdún yìí wá, ọmọ ẹlòmíì ló ń gbé e lọ jó.

"Pàátì? Wọn ò sọ fún mi rí."

"O ò bi wọ́n rí."

Ó dìde, ó gbé sílíkì náà lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi, ó ń fi omi tútù ṣàn án. Mo dúró tì í. A fi sí iwájú fáànù. Nígbà tó gbẹ tán, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí Madam ṣe ń tẹ́ ẹ, ó bọ́ bàtà, ó sì wò ó. Ó ní, "Àǹtí, ẹ rán an bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Èmi kọ́ ni wàá bá sọ ọ́."

A jọ lọ sílé Madam. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ta ló ń wọ aṣọ alábàwọ́n bọ́ síwájú Ọlọ́run. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ará Nàìjíríà àti ìkúnlẹ̀ yín yìí! Dìde." N ò dìde. Ibi tí a ti ń fà á ni Meena ti wá síwájú, ó tẹ̀ ba, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ìyá àgbà rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé wọn nìyẹn, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé ọmọ yìí kì í ṣe é àfi tí ìyá rẹ̀ bá tì í lẹ́yìn.

Madam bojú wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo fẹ́ jó fún yín."

Madam yíjú sí mi. "Bísí, ibi tó burú jù níbẹ̀, inú pílíìtì ni kó wọ̀."

Ẹ wo bí ọmọ náà ṣe ń wá sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé ìwé nígbà náà! Ó ń bi Madam ní ìbéèrè, Madam ń fi píìnì sẹ́nu dá a lóhùn. Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá ń gbé. Èmi ń di pílíìtì, mò ń gbọ́, mo sì ń gbàdúrà kí òjò má tún rọ̀.

Ní ọjọ́ ijó, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Madam ní ìlà iwájú. Meena jáde, ó nàró, gbogbo ara aṣọ náà funfun. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀. Bí ó ti sọ̀ kalẹ̀, tí orúnkún yà, abẹ̀bẹ̀ là, pupa yẹn sì bẹ́ jáde láti inú funfun. Gbogbo gbọ̀ngàn mí "háà" lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wo ojú ọmọ náà. Kì í ṣe ojú ẹni tó fẹ́ kí wọ́n fi òun lọ́rùn sílẹ̀. Ó ń jẹ̀gbádùn ara rẹ̀, ó ń wo ìlà iwájú, ó sì ń rẹ́rìn-ín níbi tí ijó ti gbà á láyè.

Nígbà tí ó parí, ìyá kan wá bá Madam, ó ní ibo ni wọ́n ti ra irú sílíkì yìí, òun fẹ́ rà á fún ọmọ òun. Madam ò rẹ́rìn-ín rárá. Wọ́n ní, "Kò sí lọ́jà. Òjò ló ń ṣe é."

Mo ṣì ránṣọ fún àwọn ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin ọmọ ń bi mí pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ mú. Èmi ò mọ̀. Ẹ lọ ṣe dókítà tó bá wù yín. Ohun tí mo mọ̀ ni èyí tí mo rí ní yàrá ìmúra lẹ́yìn ìtàgé lọ́jọ́ yẹn, mo sì gbà pé iṣẹ́ mi ti sanwó fún mi níbẹ̀.

Ìyá Meena ń kí àwọn àlejò níta. Àwa mẹ́ta la wà nínú yàrá. Meena tú ṣaworo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í so ó mọ́ ẹsẹ̀ Madam.

"Kí lò ń ṣe yìí? Orúnkún mi ń dùn mí."

"Mo mọ̀, Pàátì." Ó so èkejì. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì ń fi ọwọ́ pa àtẹ́wọ́, ó ń fi ẹnu pe ìlù náà fún wọn bí tíṣà ṣe ń pè é.

Madam dúró. Mo rò pé wọ́n máa bínú. Wọ́n ki etí aṣọ sáàrì wọn bọ ìbàdí, wọ́n tẹ̀ ba díẹ̀díẹ̀ títí ọwọ́ wọn fi kan ilẹ̀, wọ́n bẹ ilẹ̀, wọ́n sì na ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Ohun tí ọmọdé kan wò lójú fèrèsé ní gbogbo ọdún yẹn, ó wà lára wọn digbí, ẹsẹ̀ tọ̀tún, ẹsẹ̀ tòsì, ìka, ojú. Meena ń pe ìlù, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò dá a dúró. Èmi ní tèmi, mo ti sunkún tán kí n tó mọ̀ pé mò ń sunkún.

Nígbà tó yá, mo rí i pé wọ́n ń mí hẹlẹ, àyà wọn ń lọ sókè sódò. Ọ̀gá mi ni wọ́n, àgbà sì ni wọ́n. Mo sáré gbé àga sẹ́yìn wọn kí wọ́n lè jókòó.

Wọn ò tiẹ̀ wo ẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Bísí, gbé àga yẹn kúrò lójú agbo."

Mo gbé e kúrò.